Ohùn tó wà nínú tẹ́ẹ̀pù bàbá mi

Ẹ ti ń sọ ìtàn ẹ̀rọ àtijọ́ tí ẹ tún ṣe, tèmi náà rèé o. Àbúrò bàbá mi ní Ìlọrin ló ni rẹ́kọ́dà Revox A77, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Switzerland ní 1967, tó ní ike róbótó méjì lójú, tí tẹ́ẹ̀pù ń tú lára ọ̀kan, tó ń wé mọ́ èkejì. Ó ti di ohun tí wọ́n ń gbé òdòdó lé ní pálọ̀. Èmi ni mo yọ wọ́n lẹ́nu pé ká tún un ṣe, torí àwọn tẹ́ẹ̀pù bàbá mi tó wà nínú àpótí l'Ọ́fà.

Àlàájì kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá Ọjà Ọba ló gbà á. Kò tilẹ̀ jẹ́ ká ki wáyà rẹ̀ bọ iná. Ó ní kapásítọ̀, ìyẹn àwọn nǹkan kéékèèké tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ, tó ti lò tó 50 ọdún, bí iná bá bà á lójijì, èéfín ló máa kọ́kọ́ kí wa. Ó pààrọ̀ wọn, ó fi òwú àti sípírítì nu hẹ́ẹ̀dì, ibi tó ń ka ohùn lára tẹ́ẹ̀pù. Dọ̀tí rúsúrúsú tó ń bá òwú jáde, ìpẹtà irin tí wọ́n fi kun tẹ́ẹ̀pù ni. Tẹ́ẹ̀pù tí kò wúlò ló fi dán an wò. Oníṣẹ́ tó bá fẹ́ fi ohùn òkú yín dán ẹ̀rọ wò, ẹ sá fún un.

Ìgbà tó kan tiwa, ara mi bù máṣọ. Nínú sípíkà òsì, ìyá bàbá mi ni, ó ń kì wá, ó ti dé “ìjàkadì lorò Ọ̀fà”. Nínú sípíkà ọ̀tún, ohùn kan ń sọ ohun tí kò jọ èdè kankan, àfi bíi pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Àbúrò bàbá mi ti ń ka Àyátùl Kúrúsíyù! Àlàájì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní rẹ́kọ́dà tí bàbá mi lò nígbà yẹn, ìdajì ìbú tẹ́ẹ̀pù ló ń gba ohùn sí. Tó bá tán, wọ́n á yí ike padà, wọ́n á gba ìdajì kejì. Revox tiwa ń ka méjèèjì pọ̀, ọ̀kan ń lọ síwájú, èkejì ń fẹ̀yìn rìn. Gbogbo ìbú tẹ́ẹ̀pù ọ̀hún ò sì ju mílímítà 6.35 lọ.

Ó pa sípíkà ọ̀tún, ó sì fi eré tẹ́ẹ̀pù sí íǹṣì 3¾ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹnì kan lọ tẹ 7½, màmá àgbà di ọmọ jẹ́léósinmi.

A yí ike padà. Bàbá mi ni! Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ní kí màmá mi wá kí ayé. Màmá ní òun ò bá àpótí sọ̀rọ̀. Bàbá bẹ̀ ẹ́. Màmá ní, “Ẹ jẹ́ n wo ọbẹ̀ mi lórí iná,” ìdérí ìkòkò sì dún gbàà.

Mo dà á sórí kọ̀ǹpútà, mo fi ránṣẹ́. Màmá ní òun kọ́, pé òun ò fìgbà kan dá bàbá wa lóhùn báyẹn. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé irọ́ ni.

Àwọn tẹ́ẹ̀pù kan tó ń rùn bí ọtí kíkan ṣì kù nínú àpótí. Àlàájì ò gbà ká gbé wọn lé ẹ̀rọ, ó ní irú wọn máa ń gan, wọ́n á kàn já ni. Ẹni tó bá ti ní irú rẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?