Re: Ṣé "ìbáwí" la ó máa pè é ni? (ọpọlọ ọ̀dọ́langba)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ kọ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe ètò ìlera lórí rédíò ti béèrè pé báwo làwọn ṣe máa sọ ọ́ ní Yorùbá pé ọpọlọ àwọn ọmọ tó ń bàlágà ní bó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ tiẹ̀ tí nǹkan bá yíwọ́, tẹ́nì kan wá ní kí wọ́n kàn sọ pé "ọpọlọ màjèsín kì í gba ìbáwí", tí gbogbo yín wá ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò bá yín pa á o. Gbólóhùn yẹn dùn létí, àmọ́ "ọpọlọ" nìkan ni mo rí tí ò ní wàhálà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ṣe gan-an. Ìwádìí tí ẹ̀gbọ́n ń sọ, Stefano Palminteri àti Sarah-Jayne Blakemore pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló gbé e jáde ní 2016, yunifásítì UCL ní London ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n gbé àwọn ọmọ ọdún 12 sí 17 jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé àwọn àgbà ọdún 18 sí 32 náà jókòó. Àmì méjì á yọ, wàá mú ọ̀kan. Nígbà míì tó o bá mú èyí tó dáa o lè jẹ máàkì kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òdo. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀ kò sí jíjẹ rárá, tó o bá mú èyí tí ò dáa wọ́n lè yọ máàkì kan kúrò lára tìẹ, ibi tó o lè ṣe é dé ni kí wọ́n má yọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ náà mọ èyí tó ń mú máàkì wọlé bí àwọn àgbà ṣe mọ̀ ọ́n, ibi kí wọ́n sá fún yíyọ máàkì ni wọ́n ti wà lẹ́yìn.

Níbo ni ìbáwí wà níbẹ̀ jàre? Ẹnikẹ́ni ò na ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kúnlẹ̀ káwọ́ sókè, máàkì ni wọ́n yọ. Ẹ wá lọ kà á lórí rédíò pé ọpọlọ wọn ò gba ìbáwí, bàbá tó ní pàṣán nílé á ní àṣé èyí tí òun ń nà án ò tíì tó nìyẹn, ìyá tí ò fẹ́ kí wọ́n na ọmọ á ní ẹ ò rí i, sáyẹ́ǹsì ti ní kí wọ́n má nà án mọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí pàṣán nínú ìwádìí yẹn rárá.

Ohun tí mo fi ń rọ̀ yín ni èrè àti ìpàdánù. Ìyá alátà tó ra rodo lọ́wọ̀ọ́n tó wá tà á lọ́pọ̀ ò ní sọ fún yín pé wọ́n bá òun wí, á ní òun pàdánù ni. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní "àdánù" ńkọ́, ó kúrú jù ú lọ. Ó kúrú o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkú ti gbà á mọ́ wa lọ́wọ́, téèyàn bá gbọ́ "àdánù ńlá" lórí rédíò á kọ́kọ́ béèrè pé ta ló kú. "Òfò" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpàdánù ò wúwo tó yẹn.

Màjèsín ńkọ́? Èébú ni lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ pe ọmọ ọdún 16 bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ọ̀dọ́langba wà ńlẹ̀, ìwé ìròyìn ti ń lò ó. (Àgùnbánirọ̀ ì bá dáa, ó dùn mí, àmọ́ àwọn oníkhákì NYSC ti gbà á lọ.)

Èyí tó wá ká mi lára jù ni "kì í" yẹn. Kì í kẹ̀, títí láé? Ní Leiden, nílẹ̀ Netherlands lọ́hùn-ún, ìwádìí van Duijvenvoorde àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní 2008 wo ọpọlọ àwọn ọmọ ọdún 8 sí 9, ti ọdún 11 sí 13, àti àwọn àgbà: apá iwájú ọpọlọ àwọn kékeré ń ṣiṣẹ́ gan-an tí wọ́n bá sọ fún wọn pé "o gbà á", tàwọn àgbà ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá ní "o ò gbà á", àwọn ọdún 11 sí 13 sì wà láàárín méjèèjì. Nǹkan tó ṣì ń dàgbà ni, "ò tíì" ló yẹ ẹ́. Kódà ìwádìí Hauser láti Zurich, nílẹ̀ Switzerland, ní 2015 tún yà sọ́tọ̀, níbi eré tí ìdáhùn tó tọ̀nà ti ń yí padà lójijì, ọ̀dọ́langba ló tètè ń yí ọkàn padà ju àgbà lọ tó bá ti gba èsì tí ò dáa. Tá a bá wá fi ìdájọ́ sínú orúkọ, ọdún tí ìwádìí míì bá jáde ńkọ́, ṣé a ó tún lọ sọ orúkọ míì ni?

Ó ku ti "àbámọ̀" tí ẹnì kan dá lábàá. Nínú eré London yẹn, kọ̀ǹpútà máa ń fi han èèyàn nígbà míì ohun tí ì bá rí ká ní èkejì ló mú, àwọn àgbà ń fi ìyẹn kọ́gbọ́n, ti àwọn ọmọ ò fi bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn àbámọ̀, àmọ́ ẹ̀dùn ọkàn wà nínú ẹ̀, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, nígbà tó jẹ́ pé èèyàn lè rí i pé èkejì ì bá burú jù kínú ẹ̀ sì dùn. Mo ní ká pè é ní "ẹ̀kọ́ ká-ní". Àwọn onígírámà á bínú pé irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, kí wọ́n máa bínú, kò sọ́mọ tí ò mọ "ká ní".

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ lè kà nìyí: "Nínú géèmù tí wọ́n fi dán wọn wò ní London, ọ̀dọ́langba kẹ́kọ̀ọ́ nínú èrè ju bó ṣe kẹ́kọ̀ọ́ nínú ìpàdánù lọ." Tó bá gùn jù fún wọn lórí afẹ́fẹ́, kí wọ́n yọ London, kí wọ́n má yọ géèmù.