Ọ̀rọ̀ Ṣọlá ti yanjú o

Ẹ ṣé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá sí i. Ẹ rántí pé Ṣọlá wà nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wa ní Kubwa, l'Abuja níbí, ṣùgbọ́n tá a bá wá a, kọ̀ǹpútà á ní kò sí. Database, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú orúkọ sí, ni mo ń bú láti ọjọ́ yìí. Kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Mo ní kí Python, èdè tá a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ka iye lẹ́tà inú Ṣọlá tó wà nínú ìwé àti èyí tá a tẹ̀ láti fi wá a: ọ̀kan jẹ́ 4, èkejì jẹ́ 7! Ojú ò lè dá wọn mọ̀. Nínú èkejì, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn dá dúró lọ́tọ̀.

Mo fi unicodedata.normalize("NFC", oruko), àṣẹ Python tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, sí ibi ìforúkọsílẹ̀ àti ibi ìwárí, mo sì tún àwọn orúkọ àtijọ́ ṣe. Ó bọ́ sí i. (Lẹ́tà "Ẹ́" ṣì máa jẹ́ méjì o, Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ò ní ẹyọ kan fún un.)

Ṣọlá ti gba káàdì ẹgbẹ́ rẹ̀ lánàá.