Ìyàwó tuntun láti Àjàṣẹ́: níbo ni kí èmi àti ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó?

Ìyàwó Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí mi. Ẹ fi orí jì mí tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n bí èmi àti ọkọ mi sí. Kò tíì pẹ́ tí a ṣègbéyàwó. Iṣẹ́ ló gbé e wá sí Èkó. Ọ́fíìsì wọn wà ní Marina, Sùúrúlérè la sì gba ilé sí. Tó bá ti jáde ní ìdájí, ó di alẹ́ kí n tó tún fojú kàn án. Ó wá ku èmi, fóònù mi àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì.

Yorùbá tí mò ń sọ, Yorùbá ilé wa ni. Tí mo bá ti lanu lọ́jà báyìí, owó ọjà ti gòkè nìyẹn. Mo gbọ́ Faransé, mo gbọ́ Ẹ̀gùn, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi kò kọjá kí n kí èèyàn.

Ọkọ mi ní kí n ní sùúrù, pé tí owó bá wọlé, a ó háyà mọ́tò fún odidi ọjọ́ kan, kí dírẹ́bà gbé wa yí ìlú ká. Ó ní Èkó kì í ṣe Àjàṣẹ́, wọ́n á já fóònù mi gbà, mo lè sọnù. Mi ò bá a jà, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni mo fi mọ ìlú tí wọ́n ti bí mi, ìjókòó inú ilé yìí sì ti ń sú mi.

Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan la ní, owó ọwọ́ wa kò sì pọ̀. Níbo la lè lọ tí a ó fi rí Èkó fúnra rẹ̀, kì í ṣe ibi tí a kàn máa ya fọ́tò kí a máa bọ̀? Báwo ni mo ṣe lè máa dá lọ sọ́jà? Kí ni kí n sì sọ fún ọkọ mi tí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀?

Ìyá Ìbejì Sùúrúlérè:
Ìyàwó wa, ẹ kú oríire. Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní o.

Ti ọjà ni tèmi. Má dá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ilé tí ẹ ń gbé yẹn, obìnrin kan wà tó ń lọ sọ́jà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí i dáadáa, bá a gbé báàgì, kí o tẹ̀ lé e lọ. Ibi tó ti ń ra ata ni kí ìwọ náà ti máa rà á. Tí ìyá aláta bá ti mọ ojú rẹ, o ti di kọ́sítọ́mà nìyẹn, kò ní ka ohùn rẹ sí mọ́.

Tí wọ́n bá pe ọjà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, má pariwo pé ó wọ́n. Bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ìdajì, máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, má sì yájú. Tí ẹ kò bá gbọ́ ara yín yé, máa lọ. Tí wọ́n bá pè ọ́ padà, owó rẹ ti tó. Tí wọn ò bá pè ọ́, o ti ná an wálẹ̀ jù. Lọ ná an lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí o fi nǹkan lé e.

Máa wo ìdí kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí àti ìrẹsì pẹ̀lú. Àwọn kan ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, á kún fọ́fọ́ lókè, inú rẹ̀ kò sì gba nǹkan kan.

Wọ́n máa sọ fún ọ pé Mile 12 ni tòmátì ti pọ́ọ́kú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni èèyàn méjì fẹ́ fi apẹ̀rẹ̀ tòmátì ṣe, níbi tí iná kì í ti dúró kí fìríìjì tutù?

Bọ̀ọ̀dá Ajah:
Ẹ kú ìyàwó o. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹ lọ sí Lekki Conservation Centre. Afárá orí igi tó wà níbẹ̀ gùn tó mítà 401, ẹ máa rí ọ̀bọ, ẹ máa gba atẹ́gùn. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà sí Nike Art Gallery, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kò yẹ kó máa lo ẹsẹ̀ nínú oòrùn kiri.

Ọmọ Pópó Àgùdà:
Bọ̀ọ̀dá, ìyàwó ní owó àwọn kò pọ̀, ẹ̀yin ń rán an gba afárá kọjá lọ sí Lekki. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà yẹn nìkan tó láti dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya.

Ìyàwó wa, gbọ́ tèmi. Ọkọ rẹ pàápàá kò tíì mọ Èkó. Láti ẹnu ọ̀nà ilé yín dé orí àga ọ́fíìsì rẹ̀ ló mọ̀, ibi tí kò mọ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Má bá a jiyàn. Ní kó mú ọ lọ wo ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Sátidé kan, kí o rí ọ̀nà tó ń gbà lójoojúmọ́. Ọkọ wo ló máa kọ ìyẹn? Tí ẹ bá sì ti dé Marina, ẹ ti wọ Ìsàlẹ̀ Èkó nìyẹn.

Ẹ wọ Blue Line, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń fi káàdì wọ̀. Láti oṣù September 2023 ló ti ń gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marina, ibùdó márùn-ún péré ló ní. Òrílé tàbí National Theatre lẹ ti lè wọ̀ ọ́. (Ẹ máa rí ilé ńlá tó rí bíi fìlà ọ̀gá sójà yẹn níbẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ Wọlé Ṣóyínká láti 2024, àmọ́ ẹnu wa ò tíì kúrò ní National Theatre.) Kí ọkọ̀ tó dé Marina, ó máa gba orí omi kọjá. Ẹ má sùn lọ o.

Ní Sátidé, Balógun àti Ìdúmọ̀tà máa ń kún débi pé èrò ló máa gbé yín rìn. Ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ rí ìlú, ẹ padà wá ní Sọ́ńdè. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á ti tì, àtẹ á ti kúrò lójú títì, àwọn ilé tí agboòrùn àti aṣọ ọjà bò mọ́lẹ̀ á wá yọjú. Èmi kì í mú àlejò mi lọ ní ọjọ́ mìíràn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Kàtídírà tó wà ní Marina. 1925 ni ọmọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1946 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹ yà sí Kakawa kí ẹ wo Water House, ilé àwọn da Rocha, tí wọ́n gbẹ́ kànga sí tí wọ́n sì ń ta omi fún ará Èkó nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé. Lẹ́yìn Tinúbú Square, ẹ bọ́ sí Martins Street, ẹ máa rí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. João Baptista da Costa, Àgùdà tó ti Brazil dé, ló ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ìwọ ọmọ Àjàṣẹ́, o kò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni irú ilé tó jẹ́.

Ilé àwọn Àgùdà kan wà nítòsí Tinúbú tí mi ò lè fi hàn yín mọ́. Ilọ́jọ̀ Bar. 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní 2016. Mi ò tíì dárí ji ẹni tó wó o.

Tí ẹsẹ̀ bá ń ro yín, ẹ jókòó ní Freedom Park, ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Láti 2010 ló ti di ibi ìgbafẹ́; ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ti ń ṣeré orí ìtàgé báyìí. Láti ibẹ̀ sí Oníkan kò jìnnà. Mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sí ní 1976 wà nínú mùsíọ́mù ibẹ̀, ojú ọta sì wà lára rẹ̀. John Randle Centre, tí wọ́n kó ìtàn àti àṣà Yorùbá sí, wà nítòsí. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ há ọjọ́ kan.

Ìyàwó Àjàṣẹ́:
Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ náà, bí ẹ bá rí i, ẹ máa rò pé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Brazil ni. Mi ò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà ní Èkó, tí ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Kò sọ ọ́ fún mi rí.

Ọmọ Pópó Àgùdà:
Kò rí i ni. Bọ́ọ̀sì, ọ́fíìsì, bọ́ọ̀sì.

Alhaji Ìdúmọ̀tà:
Ọkọ ní kó jókòó, kó jókòó. Kí ló kàn wá?

Ìyá Ìbejì Sùúrúlérè:
Alhaji, ìmọ̀ràn ló bèèrè, kò ní kí ẹ wá dá ẹjọ́.

Bàbá Awakọ̀:
Ọmọ mi, mo ti wa dáńfó rí, nítorí náà fi ọ̀rọ̀ mi sọ́kàn. Bèèrè iye owó kí o tó wọlé. Mú ṣéńjì dání, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ́ńdọ́ máa so ìwọ àti ẹni tí o kò mọ̀ rí pọ̀ mọ́ owó kan ṣoṣo, ẹ̀yin méjì á wá máa wá ẹni tó máa bá yín ṣẹ́ ẹ nínú oòrùn. Tó bá ku díẹ̀ kí o dé ibi tí ò ń lọ, fi gbogbo ẹnu pariwo “ó wà o!” Má tijú.

Gáréèjì tàbí bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀bù ni kí o ti wọ ọkọ̀. Èyí tó bá dá dúró lójú ọ̀nà lálẹ́, tí ọkùnrin mẹ́ta jókòó sínú rẹ̀ tí wọ́n ń kánjú pè ọ́, jẹ́ kó máa lọ. Fóònù inú báàgì, báàgì níwájú. Tí gòsílóò bá dá yín dúró, má gbé fóònù sétí fèrèsé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já a gbà.

Mo mọ̀ pé zémijàn, ọ̀kadà tiyín, ti mọ́ ẹ̀yin ará ọ̀hún lára. Níbí, ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Sùúrúlérè, ní Lagos Island àti àwọn àgbègbè mìíràn láti oṣù June 2022. O ṣì máa rí wọn, àmọ́ má gùn ún. Òfin mú ẹni tó gbé àti ẹni tí wọ́n gbé.

Lọ́yà Yàbá:
Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ECOWAS, bíi Benin, kò nílò físà láti wọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 90 ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ, á gba káàdì ìgbélùú ti ECOWAS lọ́wọ́ àwọn Ìmígíréṣọ̀n. Bi ọkọ rẹ léèrè bóyá ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe tirẹ̀, kí o sì bi í bóyá tìrẹ wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń rántí ti òṣìṣẹ́ tí wọ́n á gbàgbé ti ìyàwó. Tí ẹ bá lọ kí àwọn òbí yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí páṣípọ́ọ̀tù yín ní bọ́dà, ní lílọ àti ní bíbọ̀. Ya fọ́tò ìwé rẹ sí fóònù.

Ọmọ Ẹ̀gùn Agbádárìgì:
Ẹ ti gba ìlú wa kọjá nígbà tí ẹ ń ti Sẹ̀mẹ̀ bọ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ kò yà. Tí ẹ bá tún ń lọ sílé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845 ṣì dúró níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó ẹrú lọ sí etí òkun náà wà níbẹ̀.

Àwọn kan máa ní kí ẹ lọ wo Makoko. Àwọn èèyàn wa ló ń gbé ibẹ̀, wọn kì í ṣe ìran wíwò. Ṣùgbọ́n ìwọ gbọ́ Ẹ̀gùn! Fi kámẹ́rà sílé, lọ ra ẹja, kí wọn ní Ẹ̀gùn. Ẹnikẹ́ni kò ní torí ohùn rẹ fowó lé ọjà lórí níbẹ̀.

Àǹtí Olùkọ́:
Faransé tó wà lẹ́nu rẹ yẹn, owó ni. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ń wá ẹni tó máa kọ́ ọmọ wọn, àwọn òbí mìíràn sì ń fẹ́ ẹ̀kọ́ ilé. Alliance Française wà ní Ìkòyí, lọ bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ sinimá lásán, wàá rí ẹni tí ẹ ó jọ sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́ ṣe ìwé tí Lọ́yà sọ ná.

Ìyàwó Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọkọ mi létí lálẹ́ àná. Nígbà tí mo dé ibi pé òun náà kò mọ Èkó, ó kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ òun máa mú mi lọ sí ọ́fíìsì, pé tó bá di Sọ́ńdè a ó wá mọ́ṣáláṣí yẹn lọ. Lórí ọ̀rọ̀ ìwé, tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe, bí Lọ́yà ṣe sọ gẹ́lẹ́. Ó máa bá wọn sọ̀rọ̀ ní Mọ́ńdè.

Káàdì ọkọ̀ ojú irin yẹn ńkọ́? Ṣé ẹyọ kan tó fún àwa méjèèjì?

Bàbá Awakọ̀:
Kálukú ní tirẹ̀, ọmọ mi. Cowry ni wọ́n ń pè é. Ẹ máa fi kan ẹ̀rọ tí ẹ bá ń wọlé, ẹ tún fi kàn án tí ẹ bá ń jáde. Òun náà lẹ ó máa fi wọ bọ́ọ̀sì BRT, nítorí náà ẹ má jù ú nù. Ẹ wo àkókò ọkọ̀ ti Sọ́ńdè kí ẹ tó kúrò nílé.

Alhaji Ìdúmọ̀tà:
Tí ẹ bá dé Ìdúmọ̀tà ní Sátidé, ẹ yà lọ́dọ̀ mi. Mo ní àǹkárá tó dáa. Kí ọkọ mú owó dání o.