Máńgòrò ń jẹrà mọ́ wa lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mọ́kànlá la jọ ń dá èsúsú ládùúgbò wa. Àgbẹ̀ ni mẹ́fà nínú wa, àwọn yòókù ń ta oúnjẹ. Bí máńgòrò bá ti ń pọ́n báyìí, láti nǹkan bí oṣù kẹta, àwọn alárọ̀ọ́bọ̀ á kó èyí tó dáa lọ sí Èkó lówó pọ́ọ́kú, ìyókù á jẹrà sábẹ́ igi. Lọ́dún tó kọjá, ìyá mi ṣa agbọ̀n mẹ́ta kalẹ̀ lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ẹ̀ ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà, eṣinṣin ti bò ó. Ewúrẹ́ ló jẹ èyí tó pọ̀ jù. (Ewúrẹ́ aládùúgbò ni o, kì í ṣe tiwa pàápàá!)

A ti padà sí àáró: oko tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la. Ìyẹn ń lọ dáadáa. A wá fẹ́ máa gé máńgòrò wẹ́wẹ́ ká sá a, ká máa tà á pẹ̀lú làfún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH. Àmọ́ tí òjò bá ti dé, ohun tá a bá sá sórí ẹní ń bu. Ṣé ẹnì kan ti fi ọ̀rá funfun kọ́ ilé ìsáǹkan rí? Ibo ni ooru ẹ̀ ń gbà jáde?

Ti owó ló le jù. Akápò wa àkọ́kọ́ jẹ owó wa mọ́lẹ̀. Báwo lẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ ṣe ń ṣe tiyín?