Ẹja tó ń pàwọ̀ dà: ìrírí wa pẹ̀lú emperor angelfish

Bàbá Tósìn, Sùúrùlérè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹni tó béèrè bóyá kí òun da oògùn sínú táǹkì torí pé emperor angelfish òun, ẹja òkun tí à ń sìn sínú táǹkì gíláàsì, "ti ń bàjẹ́ lára", ẹ dákun, ẹ gbé ìgò oògùn yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti tọ́ ọ̀kan láti kékeré dàgbà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Kò ju àtàǹpàkò lọ nígbà tí mo rà á. Ara rẹ̀ jẹ́ búlúù tó sún mọ́ dúdú, òrùka funfun wà nínú òrùka lápá ìrù, àfi bí àdìrẹ oníko. Àgbà rẹ̀ ńkọ́? Ilà yẹ́lò àti búlúù ló máa ń nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dúdú á sì bo ojú. Wọn ò jọra rárá, débi pé àwọn onímọ̀ ayé àtijọ́ kà wọ́n sí ẹja méjì: Bloch, ará Jámánì, sọ àgbà ní imperator lọ́dún 1787, nígbà tó di 1801, ọmọ tún gba orúkọ tirẹ̀, nicobariensis.

Àárín méjèèjì yẹn gan-an ni wàhálà wà. Bí tèmi ṣe ń tó àtẹ́lẹwọ́, òrùka bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwọn kan ń nà di ilà, àwọn kan ò tíì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìrù ti di yẹ́lò, orí ṣì jẹ́ ti ọmọdé. Ó burẹ́wà, ká má parọ́. Ìyá onílé wa wọlé wá gba owó iná, ni wọ́n bá dúró síwájú gíláàsì.

"Bàbá Tósìn, ṣé ẹja yín yìí ò ní kú báyìí?"

"Rárá o, Mà. Ó ń dàgbà ni."

"Ẹ yáa tètè sè é."

Nínú táǹkì, ìyípadà yìí lè gbà tó ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò, kì í ṣe àwọ̀. Ẹja tó ń sáré bá oúnjẹ láàárọ̀, tí ara rẹ̀ ò bó, kò ṣàìsàn. Èyí tó kọ oúnjẹ, tó ń mí gúlegúle, tó ń fi ara ha òkúta, tí nǹkan funfun wínníwínní sì bò ó, òun lẹ máa sáré sí. Kódà nígbà náà, inú táǹkì ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti tọ́jú rẹ̀, torí oògùn tó ní bàbà nínú á pa edé àti ìgbín tí wọ́n jọ wà.

Ti omi, ẹ má bu omi ọ̀sà o. Omi odò ti dà pọ̀ mọ́ ọn, iyọ̀ rẹ̀ sì máa ń lọ sílẹ̀ lásìkò òjò, ká má tíì sọ ti ìdọ̀tí. Iyọ̀ òkun alápò ni mò ń pò mọ́ omi tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa, mo sì ń wọ̀n ọ́n kó wà ní 1.025, ìyẹn bó ṣe wúwo tó sí omi tí kò níyọ̀. Ooru Èkó á fa omi gbẹ, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá omi lọ. Omi tí kò níyọ̀ ni ẹ ó fi dí èyí tó gbẹ.

Iná? Ẹ ti mọ̀. Pọ́ọ̀ǹpù kékeré oníbátìrì ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi títí iná á fi dé. Mi ò jẹ́ tan jẹ́ń nítorí ẹja, ìyàwó mi á lé èmi àtẹja síta.

Ìyá Ìbejì, Òkè Pópó

Bọ̀dá, ẹ ṣeun gan-an. Tèmi ti dàgbà tán, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un. Ẹ má fi àwọ̀n kó o. Ẹ̀gún kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó máa ń kọ́ àwọ̀n, ẹ̀yin àtòun lẹ jọ máa fara pa. Abọ́ rọ́bà ni kí ẹ fi bù ú. Tí ẹ bá sì gbọ́ "kọ́ọ̀!" láti inú táǹkì, ẹ má sá, òun náà ni, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ẹ̀rù bá bà á.

Àwọn coral, ẹranko òkun tó dà bí òkúta, tí mo fowó gidi rà, ó ti fẹnu tọ́ gbogbo wọn wò. Nínú òkun, ó lè gùn tó sẹ̀ntímítà 40, ẹni tí táǹkì rẹ̀ ò ju orí tábìlì lọ, kó má wulẹ̀ dáwọ́ lé e.

Oúnjẹ ló ń mú kí àwọ̀ àgbà dán. Sponge (ẹranko òkun kan, kì í ṣe fóòmù o) àti àwọn nǹkan tó lẹ̀ mọ́ òkúta ló ń jẹ jù nínú òkun, torí náà oúnjẹ gbígbẹ nìkan ò lè tó o. Mo máa ń gé edé tútù wẹ́wẹ́ fún un, mo sì máa ń so nori, ìyẹn ewé òkun gbígbẹ, mọ́ òkúta. Tí ẹ bá fẹ́ ra nori, èyí tí wọn ò fi iyọ̀ tàbí òróró sí ni kí ẹ mú.