Ooru wo ló ti pọ̀ jù fún ọkọ̀ fáànù díísù tó ń fa ẹrù?

Ẹ̀yin awakọ̀ àti mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Fáànù díísù onígíà ọtomátíìkì ni mo fi ń fa jẹnẹrétọ̀ orí táyà láti Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì. Lójú ọ̀nà títẹ́, omi rédíétọ̀ kì í ju 92°C lọ. Àfi bí mo ṣe ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n lọ́sàn-án Sátidé, omi di 106, ọ́ìlì gíà di 118! Orí fóònù tí mo so mọ́ ọkọ̀ ni mo ti ń wò ó, àyà mi ń já. Mo pa éésì, mo fi gíà kejì rá gòkè. Iná pupa kò tàn o, ṣùgbọ́n ọ́ìlì gíà ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná.

Ṣé 118 ti ba gíà jẹ́? Kúlà ọ́ìlì (èyí tó ń mú ọ́ìlì gíà tutù) ni kí n fi kún un, àbí kí n kàn pààrọ̀ ọ́ìlì? Tí mo bá sì dúró, ṣé kí n pa ẹ́ńjìnnì ni?