Yàrá méjì ní Ifẹ̀: pàǹtírí, ọ̀rá ọjà àti ẹrù ìnáwó

Ará Lágéré:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú òjò o. Yàrá méjì ni à ń gbé, ẹ̀yìnkùlé wa ò tóbi, sìmẹ́ńtì ni wọ́n sì fi tẹ́ gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ kí ohun tí à ń kó fún àwọn akólẹ̀ dín kù, kí ẹrù inú ilé náà sì fúyẹ́. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìdí ẹ̀fọ́ ló pọ̀ jù nínú pàǹtírí wa. Bí a bá kó o sínú ike ọ̀dà onílíítà 20 pé kó di ajílẹ̀, ìdin á bo inú rẹ̀, á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Kí ló ń fà á? Ọ̀rá ọjà ńkọ́? Aṣọ ẹbí àti ike tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó, tó ti gba gbogbo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní ká lọ ra nǹkan tuntun. Owó gáàsì nìkan ti tó ìyọnu.

Ọmọ Ọ̀bókun, Iléṣà:
Òórùn ẹyin yẹn, àìrí afẹ́fẹ́ ló ń fà á. Omi inú èèpo tútù máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ike. Ibi tí omi bá dúró sí, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè dé ibẹ̀.

Ẹ lu ihò bíi 20 sí ìdí ike àti ara rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù méjì, kí ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀ fún omi tó bá ń kán. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ewé gbígbẹ sí ìdí rẹ̀, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá da èèpo tútù abọ́ kan sí i, kí ohun gbígbẹ tí ẹ máa dà lé e tó abọ́ méjì sí mẹ́ta: ewé gbígbẹ, páálí tí ẹ ya wẹ́wẹ́, tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì. Ẹ bèèrè o, ẹ má gba ti pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn.

Ti ìdin, eṣinṣin ló ń yé ẹyin sórí èèpo tó hàn síta. Bí ohun gbígbẹ bá bo èèpo mọ́lẹ̀ pátápátá, kò ní rí ibi bà lé. Ẹ gé èèpo kéékèèké kó tó wọlé. Odindi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ á pẹ́ gan-an kó tó jẹrà. Ẹja, ẹran, epo àti àjẹkù ọbẹ̀ ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá, torí eku. Eérú ààrò, ẹ̀kúnwọ́ kan péré fún ike kan ti tó. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tó yẹ kí ẹ̀fọ́ jẹ á bá afẹ́fẹ́ lọ, òórùn rẹ̀ á sì máa ta yín nímú bí ìtọ̀.

Ẹ máa fi igi rò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí ẹ tó rò ó, ẹ bu díẹ̀ kí ẹ fún un mọ́wọ́: bí omi bá kán ju ẹ̀kán kan tàbí méjì lọ, ẹ fi páálí kún un, bí kò bá tilẹ̀ mú ọwọ́ tutù, ẹ wọ́n omi sí i. Lásìkò òjò yìí, páànù tó dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ fi bo orí rẹ̀, kì í ṣe ìdérí tó dí pinpin. Ike méjì ló yẹ kẹ́ ẹ ní: bí èkíní bá kún, ẹ má da nǹkan tuntun sí i mọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ èkejì. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, á ti dúdú, á sì máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ẹ po abọ́ kan rẹ̀ mọ́ abọ́ iyẹ̀pẹ̀ mẹ́ta nínú àpò ìrẹsì, kí ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sí i. Èyí tí kò tíì jẹrà tán á jó gbòǹgbò.

Ìyá Odò-Ògbè:
Gbogbo èyí dára, àmọ́ kí ló dé tí ẹ fẹ́ fi èèpo iṣu ṣe ajílẹ̀ nígbà tí ewúrẹ́ ń bẹ ládùúgbò? Ẹ kó èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ẹni tó ń sin ewúrẹ́ lójoojúmọ́, kó tó kan. Ìdí ẹ̀fọ́ àti èèpo ẹyin ló máa kù fún ike, ike kan á sì tó yín. Èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan ni kí ẹ sá gbẹ kẹ́ ẹ tó fi fún wọn, torí májèlé inú tútù rẹ̀ lè pa ẹran.

Ti ọ̀rá: kẹ́ ẹ tó ní "ẹ wọn kóńgò méjì fún mi" ni kẹ́ ẹ ti ṣí àpò yín sílẹ̀. Bí ẹlẹ́wà bá ti fa ọ̀rá yọ, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Fún ẹran àti ẹja, ẹ gbé abọ́ onídèérí dání. Yáàdì àńkárá kan á ṣe àpò méjì: ẹ gé e sí abala méjì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ká a sí méjì, ẹ rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24, ẹ là á sí mẹ́rin fún okùn. Ẹ rán ìdí okùn ní onígun mẹ́rin, kí ẹ tún fi òwú dábùú rẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já bí iṣu bá wúwo.

Ike ìnáwó tó ní ìdérí, ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ rọ sí i. Ẹ sá ẹ̀wà náà gbẹ dáadáa, ẹ kún un dé ẹnu, ẹ dé e pa: kòkòrò ò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Èyí tí kò ní ìdérí, ẹ fi ta ẹlẹ́ran lọ́rẹ. Bí wọ́n bá tún ń pín in níbi ìnáwó, ẹ ní ẹ dúpẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀òrè:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ n fi kún un. Aṣọ ẹbí yẹn lè dín owó gáàsì kù: á pa ooru mọ́ ìkòkò tó ti hó, oúnjẹ á sì máa jinná lọ láìsí iná. Ẹ wá agbọ̀n ńlá tàbí páálí, ẹ fi aṣọ tẹ́ ìdí, ẹ̀gbẹ́ àti orí rẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 yí ìkòkò ká. Aṣọ òwú ló gbọ́dọ̀ kan ìkòkò. Léèsì lè yọ́ mọ́ ọn lára. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ fa fọ́nrán kan, ẹ fi iná sí i: òwú á di eérú, á rùn bí ìwé tó ń jó, èyí tí kì í ṣe òwú á ká jọ, á di kóró líle.

Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ fi omi mìíràn sè é fún ìṣẹ́jú 20, kí ìkòkò kún ju ìdajì lọ dáadáa. Bó ṣe ń hó lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ dé e pa, kẹ́ ẹ gbé e sínú agbọ̀n, kẹ́ ẹ bò ó. Ẹ má ṣí i wò. Ó di wákàtí 3 sí 4 kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Ẹ jẹ́ kó tún hó fún ìṣẹ́jú 10 lórí iná, kẹ́ ẹ wá da epo, iyọ̀ àti ata sí i. Kò gbọdọ̀ sùn nínú agbọ̀n, ó máa kan.

Ará Lágéré:
Ẹ ṣé gan-an. Ìrẹsì ńkọ́, ṣé ó lè wọ agbọ̀n?

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀òrè:
Ó wọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 5, kó wà nínú agbọ̀n fún wákàtí kan. Àmọ́ ẹ dín omi kù: kọ́ọ̀pù ìrẹsì 1, kọ́ọ̀pù omi 1 ààbọ̀, torí omi ò ní ráyè bá oru lọ bíi ti orí iná.